Ìwé tí Wọ́n Kà Lójú Agbo Ilé

Mo ti lé ní ogún ọdún kí n tó jókòó sí ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn tí òyìnbó ti fi ogun ṣí ọ̀nà. Orúnkún mi kò wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọdé tí a jọ ń kọ́ á-bí-dí ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì, mi ò sì dá wọn lóhùn. Láti kékeré ni mi ò ti ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bí ilé ìwé bá ti padé, èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi a gbé aṣọ lọ tà ní ìhà omi títí dé Ìbíadé, a ó sì ra ẹja yíyan bọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin kan tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹja. Mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí a lè tà lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní bí ó bá jẹ́ pé ẹja ni mò ń wò, kí n máa wo inú apẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti tọrọ ọmọ náà fún ọkùnrin kan ará Awà láti kékeré. Ọdọọdún ni ọkùnrin náà ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ro oko fún bàbá ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé e lọ.

Nígbà tí mo gbọ́, oúnjẹ kọ̀ mí. Mo fẹ́ kí ó mọ ohun tó wà nínú mi, ẹnu mi kò sì lè gbé e. Alárenà ló yẹ kí ó bá mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n alárenà wo ni yóò lọ sí ilé tí ẹlòmíràn ti ń ro oko fún? Ni mo bá kọ ìwé sí i. Mo mọ̀ pé kò mọ̀wé kà. Èrò mi ni pé kí ó kàn pa á mọ́. Bí mo bá dé lọ́jọ́ ọjà, èmi fúnra mi yóò kà á sí i létí, nítorí kíkà kò le tó sísọ. Mo fi rán ìyá arúgbó kan tí ó ń kó ẹja wá sí ìlú wa.

Ibà kò jẹ́ kí n lọ lọ́jọ́ ọjà náà. Ìyá arúgbó yìí ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Bàbá ọmọ náà rí ìwé náà níbi tí ọmọ fi í há òrùlé. Nígbà náà, ìwé tó bá wọ ilé ẹni tí kò mọ̀wé, ìwé kóòtù ni. Ó rò pé wọ́n ti pe òun lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ kan tí òun àti ìbátan rẹ̀ ń fà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ẹbí. Wọn kò dáná nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi lọ gbé tíṣà ìjọ wá láti ìlú kejì. Ó dúró láàrin agbo ilé, ó kà á sókè délẹ̀. Níbi tí Yorùbá inú ìwé bá ti le, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè etí omi fún wọn.

Bàbá náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣe ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Awà, àwọn àna sì ń béèrè ẹni tí yóò san iṣẹ́ oko wọn padà. Bàbá náà bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó mọ̀ mí. Ọmọ náà ní òun mọ̀ mí, pé mo máa ń ra ẹja láì ná an.

Bàbá ránṣẹ́ sí mi pé kí n mú ẹbí mi wá, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lójú àwọn tó gbọ́ ìwé. Bí mo bá sọ ọ́, tí ọmọ òun sì gbà, òun mọ ohun tí òun yóò wí fún ará Awà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ. Gbogbo wọn ti jókòó. Ọmọbìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni bàbá rẹ̀ wí, “ohùn tíṣà la gbọ́ níjọ́sí. Tìrẹ la fẹ́ gbọ́ báyìí. Kí lo fẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ìwé náà kí n kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti sọ ọ́ sódò, kí ó má tún da ilé òun rú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fi ẹsẹ̀ tọ́ mi.

Mo ní, “Òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀.”

Mo dúró kí ẹnu mi mú èyí tó kù jáde. Kò mú un jáde. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n gbé e lọ sí Awà.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti wá fẹ́ ìyàwó. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Ilé ti dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, iṣẹ́ kan gbé mi kọjá lọ́jà Awà. Obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti ń funfun ń ta ẹja. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ra ẹja, mi ò ná an. Ó ń fi ewé dì í, kò wò mí, ó sì ń sọ pé:

“Bí mo bá ń jẹun, mi ò mọ ohun tí mò ń jẹ. Bí mo bá kọjú sí tíṣà ní ilé ìwé, ìwọ ni mò ń rí.”

Ọ̀rọ̀ ìwé mi ni, bí tíṣà ìjọ ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè etí omi. Ó sọ ọ́ lọ láì fo ọ̀kan, títí dé ibi tí mo ti ní kí ó dúró dè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó gbọ́ ọ.

“Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ yẹn, oníbàárà mi,” ni ó wí. “Mo dúró pẹ́.”

Ó na ẹja náà sí mi. Mo tún kó owó lélẹ̀, mo ní kí ó bá mi fi díẹ̀ sí i.