Oko Ẹ̀fọ́ Lẹ́bàá Kánálì

Ọkọ mi kú nínú ọyẹ́, ní ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó dìde láti lọ gba ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, lápá Onípaanu, inú kíláàsì sì ni ẹni tí wọ́n rán wá ti bá mi. Mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Mo ní kí àwọn ọmọ parí ìṣirò ojú pátákó kí wọ́n tó jáde, lẹ́yìn náà ni mo mú báàgì mi.

Mi ò sunkún. Kì í ṣe pé mo ń ṣe bí akin. Ńṣe ni gbogbo ara mi kú, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìdí lé ẹsẹ̀ jókòó pẹ́ jù, tó wá dìde, tí kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì. Ìyá ọkọ mi ń wò mí títí níbi sàréè. Nígbà tí a délé, ó sọ ọ́ níṣojú gbogbo èrò.

"Ojú ẹ gbẹ o, ìyàwó."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò bá mi sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó padà sí ilé rẹ̀ ní Ọbaníkòró, èmi náà padà sí yàrá wa ní Pedro. A ò tíì bímọ. Bí iná bá wà, ariwo fáànù nìkan ló ń dún nínú yàrá náà. Bí kò bá sí iná, kò sí nǹkan kan.

Ọkọ mi ní oko kékeré kan ní Bàrígà, lẹ́bàá kánálì tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ilẹ̀ ìdílé kan tó ti wà níbẹ̀ láti ayé ọjọ́un ni. Omi kì í jẹ́ kí wọ́n lè kọ́lé síbẹ̀, nítorí náà wọ́n pín in fún ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. Sátidé-Sátidé ló máa ń lọ. Èmi kì í bá a lọ. Ó ń gbé ẹ̀fọ́ wálé, mo ń sè é, ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán, bàbá kan tí oko rẹ̀ àti tiwa jọ pààlà wá sílé mi. Òṣìṣẹ́ èbúté tó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo fún un ní àga, ó ní òun ò ní í jókòó.

"Ìyàwó, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á tù yín nínú. Àwọn onílẹ̀ ló rán mi. Òjò ò ní í pẹ́ rọ̀. Bí igbó bá ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn nígbà tó bá rọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún."

Ó wà lẹ́nu mi pé kí wọ́n fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á bi mí pé kí ló dé, màá sì ní láti ṣàlàyé. Ó rọrùn ju ìyẹn lọ láti ní, "Màá wá, sà."

Bí mo ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn. Aṣọ dúdú tí mo fi ń ṣọ̀fọ̀ ni mo wọ̀ lọ, pẹ̀lú bàtà òjò ọkọ mi. Bàtà náà tóbi jù, mo ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ níwájú. Igbó ti bo ilẹ̀ náà, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Mo kàn ń gbé e sókè, mo ń jù ú sílẹ̀. Ọwọ́ mi lé, ibi tó lé bẹ́. Bàbá èbúté wò mí láti ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ yín."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ti rí i."

Mo ti rí i lóòótọ́. Mo wò ó bó ṣe ń ra mọ́ igi ọkọ́, mo sì tún gbé ọkọ́ náà sókè. Bàbá náà sọdá wá, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àkísà wé ọwọ́ mi méjèèjì.

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Òórùn ilẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, àwọn aládùúgbò mi ní Pedro ń sọ pé ara tù wọ́n. Èmi ń gbọ́ wọn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo po èso tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ bí bàbá èbúté ṣe kọ́ mi, kó má baà dà sójú kan, mo sì fọ́n ọn. Ó ṣì dà sójú kan. Ó hù pìtìmù lápá òsì, apá ọ̀tún pá bí orí arúgbó. Mo gbin ṣọkọ síbi tó pá.

Rédíò bàbá èbúté kì í sinmi. Ọ̀rọ̀ ìjọba alágbádá ni ṣáá. Àwọn tó ń dáko nítòsí á pagbo yí i ká, wọ́n á máa jiyàn: iná máa wà, kò ní í sí, iṣẹ́ máa pọ̀, irọ́ ni. Ẹnì kan bi mí pé, "Àǹtí olùkọ́, kí lẹ rí sí i?" Mo ní yóò dáa. Bó bá ní yóò burú, màá ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kánálì sì kún bo bèbè. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo tẹ̀tẹ̀ tó wà lápá omi ti bá a lọ. Ọ̀rá àti ike ló kù síbẹ̀. Bàbá èbúté káwọ́ lérí, ó ń ké. Tirẹ̀ tó lọ pọ̀ ju tèmi. Mo ṣa àwọn ọ̀rá náà kúrò, mo lọ sílé, mo mu gààrí, mo sùn. Ní Sátidé kejì, mo tún èso mìíràn fọ́n.

Ó ku díẹ̀ kí ìjọba tuntun wọlé ni ìyá ọkọ mi yọ sí mi lóko. Ẹnì kan ló lọ sọ fún un. Ó ń fi ọwọ́ gbé ìró rẹ̀ sókè nínú ẹrẹ̀, mo sì rí i láti òkèèrè pé ìjà ló bá wá. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́? Aṣọ ọ̀fọ̀ ọmọ mi lo fi ń roko?"

"Òun ni mo rí wọ̀, mà."

Ó la ẹnu láti tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí eteetí oko, níbi tí ilá mélòó kan ti ń yọ òdòdó.

"Ta ló gbin ilá yẹn?"

"Èmi kọ́, mà. Ó lalẹ̀ hù ni. Ilá tí ọmọ yín gbìn léṣìí ló gbó já sílẹ̀."

Mo ti rí i láti ìgbà tó ti yọ ewé. Mo kàn ń ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni.

Ìyá ọkọ mi lọ dúró tì í. Ó fọwọ́ kan ewé rẹ̀. "Ọmọ yẹn kì í jẹ ilá," ló wí. "Láti kékeré. Mo nà án títí, kò jẹ ẹ́. Kí ló wá fi ń gbin ilá?"

Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀, mà."

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi ni mo tó mọ ẹni tó ń gbìn ín fún. Ìyá ọkọ mi yíjú wò mí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìró rẹ̀, tó bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í. Ẹkún ò wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo fi í síbẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní, "Gbé ọkọ́ yẹn wá," ó sì ro gbogbo ẹsẹ̀ ilá náà mọ́. Kò tún dárúkọ aṣọ mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Sátidé ni ọjọ́ tí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀ bọ́ sí. Àwọn èèyàn ń pariwo ayọ̀ lójú títì, bàbá èbúté sì wọ fìlà tuntun wá sóko. Èmi àti ìyá ọkọ mi ká ilá, a fa tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ kún un, a gbé e lọ sí yàrá mi. Òun ló rẹ́ ẹ, òun ló sè é. A jókòó lórí ẹní, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

"Báwo ló ṣe rí?" ló bi mí.

"Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, mà."

Ó tọ́ ọ wò, ó ní lóòótọ́ ni. Ó bu omi díẹ̀ kún un. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé láti ìgbà ọyẹ́, ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí omi lẹ́nu mi.

A jọ dáko náà fún ọdún bíi mélòó kan. Òun ló ń fa ẹ̀fọ́, èmi ló ń pọn omi, nítorí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ara mi ṣe ń padà bọ̀ sípò, díẹ̀díẹ̀ ni, mi ò sì lè sọ ọjọ́ tó dé. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ ta ibẹ̀. Ọkọ̀ ń já yanrìn, wọ́n ń fi dí ẹrẹ̀, kò sì pẹ́ tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. A hú ṣọkọ tó kù, pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀, a kó o sínú bàsíà, a gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ọbaníkòró. Òòrùn ò dé ibẹ̀ dáadáa. Ewé rẹ̀ kéré, ó pọ́n, ìyá ọkọ mi sì ń bu omi sí i láràárọ̀.