Ohùn Tí Etí-Ọba Kò Gbọ́

Etí-Ọba ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì náà. Fún ogójì ọdún, kí ó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, yóò fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò di ojú, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, síbẹ̀ èyí tó bá tojú sú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́fà, àwọn ohùn tín-ín-rín ti ń fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyẹ orí òrùlé ló kọ́kọ́ lọ, fèrè kẹ́tùlù tẹ̀lé e. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" yóò ní òun ń ronú ni. Irọ́ kọ́ pátápátá. Ó ń ronú ohun tí mẹkáníìkì tó di adití yóò máa jẹ, ẹ̀rù sì ń bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ wa ọkọ̀ dé. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń sùn fọnfọn lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Tí mo bá ti tẹ tọ́tù kó lè sáré, á máa ṣe ṣíí, bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀."

Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Etí-Ọba ki sukudiráfà bọ ẹ́ńjìnnì, ó di ojú. Kíkùn ńlá nìkan ló gbọ́. Ó sún un síbí, ó sún un sọ́hùn-ún, òógùn bò ó.

"Ẹ ń gbọ́ ọ, àbí?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí ó ti sọ òtítọ́. Ojú tì í. "Mo gbọ́ ọ," ló wí. Ó fún nọ́ọ̀tì kan tí kò tú le, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ó ṣì ń dún o, Bàbá."

"Tó bá gbóná tán, á dákẹ́. Kò léwu."

"Tí Etí-Ọba bá ti ní kò léwu, ó parí." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí gíláàsì sókè nítorí eruku. "Ẹ wo ọlẹ tèmi. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, tó bá ti wọ mọ́tò, oorun ni. Tó bá sọ̀kalẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Ilé ìyá mi là ń lọ, wákàtí méjì gbáko ló máa fi sùn."

Wọ́n ti lọ tán kí Etí-Ọba tó wo ẹnu sukudiráfà rẹ̀. Nǹkan dúdú gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn bí ti ìdí ìkòkò. Òróró kì í rí bẹ́ẹ̀. Èéfín ni. Ó ń jò níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń wọ inú ọkọ̀. Oorun ọmọ, orí fífọ́ ọmọ, gíláàsì tí wọ́n yí sókè: gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín yẹn a máa pa èèyàn lójú oorun.

Ó pe aránṣọ náà lórí fóònù, kò gbé e. Ó kó sínú ọkọ̀ jálopí rẹ̀, ó sáré tẹ̀lé wọn, ó ń fọn fèrè, ó ń bẹ Ọlọ́run. Ilé epo tó wà ní ìjáde ìlú ló ti bá wọn lórí ìlà. Ó já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

"Jí! Ọmọ mi, jí!"

Ọmọ kò mira. Ó gbé e bọ́ síta, ó gbọ̀n ọ́n. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà lajú, ó sì bì sí i láyà. Kò sí aṣọ tuntun tí wọ́n wọ̀ fún un rí tó dùn mọ́ ọn tó èébì yẹn.

"Bàbá, kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ pariwo.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Etí mi ti ń lọ. Èéfín ló ń wọlé bá yín."

Obìnrin náà wò ó. Ìbá kúkú gbá a létí. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún Etí-Ọba, ilé ìwòsàn ló gbà lọ, dókítà sì ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀nà kò tíì jìn.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n wá gba ọkọ̀. Ojú ni Etí-Ọba fi wá ibi tó ti jò, ó sì ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó jóná níbi ìsopọ̀ páìpù èéfín. Kò lè wo ojú ìyá, ọmọ ló pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Létí tirẹ̀, bó ṣe dún lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣe dún báyìí.

"Ṣé ó ń ṣe ṣíí?"

"Rárá, Bàbá àgbà."

"Gbọ́ ọ dáadáa." Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Kò ṣe ṣíí mọ́."

"Etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni aránṣọ wí, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè sínú ọkọ̀, ó yí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálẹ̀ pátápátá, ó sì wà á lọ sínú eruku.