Wọ́n Ké Tasalúlù

Atamátàsé ni mí, ṣùgbọ́n ẹ má fi mí wé àwọn tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣàn. Ní Skọ́tílándì, ìsọ̀rí tó kẹ́yìn pátápátá ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, níbi tí àgùntàn orí òkè ti máa ń pọ̀ ju èrò ìwòran lọ. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, ẹgbẹ́ mi ní ó dàbọ̀. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹṣin wo ló kù? Mo gba físà úmúrà, mo lọ bá màámi ní Jẹ́dà.

Màámi bá hájì wá nígbà tí mo ṣì kéré, kò padà mọ́. Àdúgbò Kàrántínà ló ń gbé, ó ń bá wọn fọ ilé onílé, kò sì ní ìkáámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ó sú mi kó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kékeré kan ní òun á wá wò mí ní pápá eléruku kan ní Núsúlà. Bó bá gbà mí, màá dúró ti màámi. Mo lọ sí Mẹ́kà, mo sunkún níwájú Káábà bí ọmọdé, mo ní kí Ọlọ́run ṣáà fún mi ní èyí.

Mo bẹ màámi kó wá wòran. Kò wo bọ́ọ̀lù rí, àmọ́ ó wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo gbá a wọlé. Ẹni tó di àsíá mú nà án sókè, gbogbo pápá bá ké: "Tasalúlù!"

Ọ̀fúsáìdì ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni Lárúbáwá ń lò fún kéèyàn yọ́ wọ̀lú láìníwèé, òun sì ni màámi ti ń sá fún láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó ká abáyà sókè, ó sáré. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ń sá lọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á bi wọ́n! Ọ̀gá yẹn ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn, mo gbá tẹ̀lé e.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ni mo bá a, ẹ̀jẹ̀ ń dà lórúnkún ẹ̀. Ó ń tì mí láyà pé kí n máa lọ, pé èmi níwèé, kí wọ́n má bá wa pọ̀. Mo ṣàlàyé títí ó fi yé e. Ó wá bi mí bóyá ọ̀gá náà ṣì wà níbẹ̀.

Mọ́tò ọ̀gá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára wa ni.

"Ó wà níbẹ̀, Màámi. Ó ń dúró dè mí."

"Sáré lọ nígbà náà, ọmọ mi."

Mo sáré, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí, títí mo fi yà ní kọ̀nà tí kò ti lè rí mi mọ́.