Ẹyin Ni Mo Kà

Òórùn ẹyin oníke ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, àwọn ẹyin aláwọ̀ mèremère tí wọ́n máa ń tà káàkiri Houston bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, fún eré ọdún Àjíǹde. Mo wà ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ní daycare kan ní Sharpstown. Kí n tó wá, ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe tíṣà nílé, mo di ọ̀gá ilé ìwé, n kì í gbé àga fúnra mi. Nígbà tí mo dé ìhín, àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n kó fún mi, mo ń nù wọ́n nídìí, wọ́n ń pè mí ní Grandma. Ayé mà ń yí o. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí, orúnkún mi á máa dún, orí ìdúró ni mo sì ń wà títí ìyá tó kẹ́yìn á fi wá gbé ọmọ rẹ̀.

Ọmọ méjìlá ló wà ní yàrá mi. Òfin ibẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí a bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kí n nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n kà wọ́n, kí n kọ iye wọn sínú ìwé tó wà lára ògiri. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kì í sì í ṣe pé mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà lásán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àlejò kan jókòó ní pálọ̀ wa, ó ń nàka sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mẹ́fà gbáko! Ẹ kú oríire." Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó lọ, àbíkẹ́yìn wa kú, èyí tí èmi fúnra mi máa ń pọ̀n. Màmá mi ò dárí ji ọkùnrin yẹn títí wọ́n fi lọ sọ́run. Ẹ wá ní kí n jí láàárọ̀ kí n máa nàka sí ọmọ ọlọ́mọ, ení, èjì, ẹ̀ta? Èmi kọ́.

Mo bá dá ọgbọ́n. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni mo ń kà. Bí ife omi bá pé méjìlá, ọmọ pé. Bí bàtà bá pé, ọmọ pé. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju òfin òyìnbó lọ. Bí mo bá sì máa sọ tòótọ́, èèwọ̀ nìkan kọ́. Ó rẹ̀ mí ni. Ife kì í sáré kiri, ọmọ ló ń sáré. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì, àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, etí mi ni kò gbà á.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ìyá rẹ̀, ọ́fíìsì kan ní Westchase ló ti ń ṣiṣẹ́. Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn náà ni yóò kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ọdún mẹ́sàn-án gbáko lòun fi wá ọmọ yìí. Ohun tí ẹ bá sọ fún ọmọ náà ló máa ń ṣe. Ẹ ní kó jókòó, á jókòó títí ẹ̀yin fúnra yín á fi gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ẹyin oníke méjìlá pamọ́ sínú koríko ẹ̀yìnkùlé. Eré ìṣirò ni. Kí kálukú wá ẹyin kan, kó ka àwọn òdòdó funfun kéékèèké tó hù nítòsí ibi tó ti rí i, kó wá fi ẹyin náà sínú páálí oníhò méjìlá tí mo gbé kalẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó bá ka òdòdó tiẹ̀ tán ni kó padà wá o." Oòrùn ti ń mú. Wọ́n ń kígbe, wọ́n ń ju ẹyin sínú páálí, èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ mi jẹ́jẹ́. Bí páálí ṣe kún báyìí, mo ní ọmọ ti pé. A wọlé. Mo kọ méjìlá sínú ìwé.

Oúnjẹ ọ̀sán ni mo ń pín nígbà tí àwo kan kù sí mi lọ́wọ́. Mo wo tábìlì, àga kan ṣófo. Mo pe orúkọ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un pè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà ní ó fún òun ní ẹyin tiẹ̀ pé kí òun bá a mú un lọ, torí ó ṣì ń ka òdòdó. Yéè, mo gbé! Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sáré jáde bí ẹni tí orúnkún ò dùn rí. Kò sí ẹnì kankan ní ẹ̀yìnkùlé. Géètì ẹ̀gbẹ́, èyí tí ọkùnrin tó ń gé koríko máa ń gbà, ṣí sílẹ̀ gbayawu, ojú títì tí ọkọ̀ ti ń já bọ́ láti orí ọ̀nà márosẹ̀ freeway ló sì wà níwájú rẹ̀. Mo ń ké "Jésù! Jésù!" títí ohùn mi fi há. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá sí títì ni mo ti rí i. Ó jókòó sínú koríko, ó to òdòdó sórí itan, ó ń kà wọ́n. Orí ẹ̀wá ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ, bó bá ti débẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ó gbójú sókè, òógùn bò ó. Ó ní, "Grandma, mi ò tíì kà á tán." Mo gbé e mọ́ra, mo ń sunkún. Òun náà bú sẹ́kún, torí òdòdó rẹ̀ ti dànù.

Ọ̀gá wa, obìnrin Yorùbá tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, mú ìwé ara ògiri wá. "Mọ́mì, twelve lẹ kọ síbí. Ta lẹ kà?"

Mo ní ẹyin ni mo kà.

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣàlàyé fún un, kí n tó pe ìjọba tó ń bójú tó daycare."

Ìyá ọmọ dé, kò kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti géètì, ti ẹyin, ti èèwọ̀, ti àbúrò mi tó kú. Mo rò pé ọmọ Yorùbá ni, á yé e. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, ó wojú mi.

"Ká ní ẹ kà á, mà, kí ni ì bá ṣe é?"

Kò dúró gba èsì. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ, n kò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí dòní.

Wọn ò lé mi. Wọ́n fi mí sí ilé ìdáná fún oṣù mélòó kan, wọ́n tún dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ọdún ti gorí ọdún, orúnkún mi ti burú sí i, mo sì ń kà wọ́n báyìí. Mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pe iye wọn sókè ketekete, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. N ò lè sọ pé irọ́ ni Màmá mi pa, ẹni tó sin ọmọ ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mò ń kà ń dàgbà, wọ́n ń lọ sí ilé ìwé ńlá, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Lójoojúmọ́ tí mo bá kà wọ́n tí wọ́n sì pé, mo ń fún obìnrin yẹn lésì ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.