Ìpè Tí Ìyá Àgbà Ń Jẹ́

"Òo, mò ń bọ̀," ni ìyá àgbà dáhùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Àwo ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà wà lórí itan wọn. Jẹnẹrétọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Agbowó ń pariwo, òórùn bẹntiróòlù sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wo géètì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà wọn.

Ìyá mi ni wọ́n ń dá lóhùn. Ìyá mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú ṣáájú Kérésìmesì. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà àwọn àgbà ilé ti ìyá àgbà mọ́ yàrá lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyá àgbà ò rí òkú, wọn ò da erùpẹ̀ sí i, wọn ò tiẹ̀ sunkún. Láti ìgbà náà ni ìpè ti bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè tí a ò rí ẹni tó pè wá? Ìyá àgbà gan-an ló kọ́ mi. Àwọn yìí náà ló wá ń jẹ́ ẹ, tí wọ́n tún ń ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rù, dókítà ò sì rí àrùn kankan. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á mú ìlérí náà ṣẹ. Ta ni yóò wá kù fún mi?

Lálẹ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, a wọ takisí lọ sí ìsìn àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà. Wọ́n pa gbogbo iná. Àwọn ère tí wọ́n ti fi aṣọ àlùkò bò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó da aṣọ borí. Oníkálukú di àbẹ́là tí a ò tíì tàn mú. Igi tí wọ́n fi dáná lóde ń ta pàràpàrà, èéfín rẹ̀ sì ń rọra wọlé bá wa.

"Màámi!"

Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ohùn ìyá mi ni, láti ẹ̀yìn wa, lápá ẹnu ọ̀nà. Orí mi wú. Ìyá àgbà yíjú padà, wọ́n sì la ẹnu. Mo di ọwọ́ wọn mú, ó tutù nini.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ẹ," ni mo bẹ̀ wọ́n. "Ẹ má lọ."

Fáda gbé àbẹ́là ńlá wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan náà. "Ìmọ́lẹ̀ Kristi!"

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Iná ń ti ara àbẹ́là kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi kàn wá. Ìyá àgbà wo tiwọn títí. Wọ́n wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹní ń rọ ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.

"Ó dàárọ̀, ọmọ mi. Ó dàárọ̀ ọjọ́ àjíǹde."

Ohun tí à ń sọ fún òkú nìyẹn, tí àwọn àgbà ilé ò jẹ́ kí wọ́n rí sọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Agogo ń dún, ìjọ ń kọrin ayọ̀, àbẹ́là ń kán sí wọn lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

Wọn ò jẹ́ ìpè kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ń jẹun, ara wọn bọ̀ sípò, wọ́n sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà nítorí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo bímọ, wọ́n gbé ọmọ mi jó kí wọ́n tó papòdà.

Mi ò bi wọ́n rí bóyá àwọn náà gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run wò wọ́n sàn. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá tó bí mi ni, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Ó máa ń dùn mí gan-an, nísinsìnyí tí èmi náà ti di abiyamọ: màmá mi ń pe màmá wọn, èmi ni mo sì ní kí ìyá àgbà má jẹ́ ẹ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun kan náà ni n ó sọ.