Ìkòkò Tó Hó Láìsí Iná

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé, ẹ̀yin àbúrò mi. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀, ká má tíì sọ pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ àwọn obìnrin agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Wọ́n á kó eérú sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi lé e lórí, omi eérú á sì máa kán sísàlẹ̀. Òun ni wọ́n á pò mọ́ àdín, tí wọ́n á sì sè é títí á fi di ọṣẹ. Bí kò bá sí iná nídìí ìkòkò, kò sí ohun tó ń gbóná níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyáálé ilé ra agolo sódà kan, ẹ̀tù funfun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, bọ̀ láti ọjà Gbági. Wọ́n ní ó yá ju eérú lọ. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò bí ẹni kó eérú, ó sì pe aya àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní ìyàwó wa, pé kó da omi lé e. Èmi ni mo pọn omi náà. Mo gbé e fún un, ó sì dà á.

Ìkòkò pariwo ṣààà. Omi ń hó, ó ń ta sókè, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ lásán ni ìkòkò wà. Àwọn obìnrin sá sẹ́yìn.

"Kí lo fi sínú omi yẹn?" ni ìyáálé bi í.

"Ẹ̀yin ìyá, n kò fi nǹkan kan sí i."

"Omi tútù ló ń hó lọ́wọ́ rẹ yìí? Bí ọwọ́ yẹn bá mọ́, tì í bọ inú ìkòkò, ká rí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: "Àbí ẹ̀rù ọbẹ̀ tó fúnra ẹ̀ sè ń bà á ni?"

Ìyàwó wa wò mí. Ó mọ ẹni tó pọn omi. Mo wo ilẹ̀. Kò dárúkọ mi. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ìkòkò dé ọrùn ọwọ́.

Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nígbà tí awọ ọwọ́ rẹ̀ bó, ìyáálé pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i? Àjẹ́ ni!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti já ọmọ rẹ̀ gbà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ju ẹrù rẹ̀ síta. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ìyàwó wa padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pópó Yẹmọja. A gbọ́ pé kò pọn omi fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì gbé ọmọ ẹnikẹ́ni. Òun náà ti gbà pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ òun. Ìyáálé fi sódà náà se ọṣẹ, ó tà á tán.

Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn nílé ìwé, tíṣà obìnrin kan kọ́ wa ní ọṣẹ sísè. Ó bu omi sínú ìkòkò, ó ń fi ṣíbí bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní ká fọwọ́ kan ara ìkòkò lóde. Ó gbóná.

"Bí sódà bá ti pàdé omi, ooru á jáde," ni ó wí, "ẹnikẹ́ni ì báà dà á. Ẹ má sì da omi lé sódà lórí láé, yóò ta sí yín lára."

Mo délé, mo fi ohùn kékeré sọ ọ́ fún ìyáálé. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ọṣẹ.

"A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́," ló wí. "Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin àbúrò mi. Sódà kún Gbági báyìí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ó ń gbóná. Ṣùgbọ́n nígbà náà lọ́hùn-ún, gbogbo ilé wa ló ti mọ̀. Kò sí ẹnì kan tó tíì rìn dé Pópó Yẹmọja lọ sọ fún ìyàwó wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bá ìyáálé sọ̀rọ̀, mo bu sódà díẹ̀ sínú agolo, n kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, mo sì lọ bá ìyàwó wa ní Pópó Yẹmọja. Mo bu omi nínú àmù tirẹ̀ sínú ìkòkò kan, mo wọ́n sódà sí i, mo mú ọwọ́ tó ní àpá náà, mo sì gbé e lé ara ìkòkò títí ó fi gbóná.

"Ìyàwó wa," ni mo wí, "èmi ni mo pọn omi ọjọ́ náà. Omi lásán ni."