Ìyá Mi àti Rélùwéè Òdìkejì Odò

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ayọ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun wa, inú ọ́fíìsì onílé ni mo ti kígbe, tí ọkùnrin tó kó ìwé fún mi fi rò pé nǹkan ló ta mí. Mo dì mọ́ ọn. Ọmọ Hamburg gidi ni, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tó bá ti gbé rí ní Steilshoop, àdúgbò tí a wà nígbà náà, tó ti dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò oṣù Kọkànlá, tí bọ́ọ̀sì náà wá kún débi tí dírẹ́bà kò ṣílẹ̀kùn, onítọ̀hún ni yóò mọ ìdí igbe mi.

Kì í ṣe pé Steilshoop burú. Ilé gogoro ibẹ̀ ló gbà wá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbà wá. Èmi, ọmọbìnrin mi tó wà ní kíláàsì kejì, àti màmá mi tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta lẹ́yìn tí bàbá wa kú, yàrá méjì la há ara wa mọ́. Bàbá ọmọ mi ń gbé lọ́tọ̀, àlàáfíà sì ni. Ṣùgbọ́n rélùwéè kò dé àdúgbò náà. Láràárọ̀ màá gun bọ́ọ̀sì dé Barmbek, màá bọ́ sínú rélùwéè, màá tún pààrọ̀ rẹ̀, kí n tó dé Hammerbrook, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun. Kí n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, ó ti rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tán.

Ilé tuntun náà wà ní gúúsù, ní òdìkejì odò Elbe, lẹ́bàá Neugraben, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́tùn-ún lósì. Yàrá mẹ́ta, bákónì kan, ọ̀dà tó ṣì ń rùn lára ògiri. Rélùwéè kan ṣoṣo ni láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́ mi. Kí ni mo tún ń wá?

Màmá mi nìkan ni kò bá wa yọ̀.

Ìjọ aládùúrà wa wà ní St. Georg, lẹ́yìn ilé ìtajà kan tí kò jìnnà sí Hauptbahnhof, stéṣọ̀n ńlá àárín ìlú. Nígbà tí mo dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fún wa nílé, Ìyá Ìjọ bi mí pé ibo ni. Mo ní ẹ̀gbẹ́ Fischbeker Heide ni. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ pé inú Bíbélì ni wọ́n ti kọ́ Jámánì, bá gbéjú sókè.

"Heide kẹ̀? Ẹ dúró ná. Nínú Bíbélì àwọn ará ibí, Heiden ni wọ́n ń pe àwọn kèfèrí. Ṣé ilẹ̀ kèfèrí lẹ fẹ́ kó màmá wa lọ ni?"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ méjì ló kàn jọ ara wọn, pé pápá tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò ni Heide tiwa. Ọmọ mi náà dá sí i: "Oma, da sind doch nur Schafe!" Ó ní, Màmá àgbà, àgùntàn nìkan ló wà níbẹ̀. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò.

Ìgbà tí a délé ni wọ́n tó sọ tinú wọn, mo sì wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kèfèrí kọ́ ló ń dùn wọ́n. Bọ́ọ̀sì Steilshoop ni. Wọn ò gbọ́ Jámánì, Bíbélì Yorùbá nìkan ni wọ́n sì lè kà, síbẹ̀ wọ́n ti mọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń dá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá aládùúrà, tí wọ́n sì ń dá bọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́ mi dáadáa," wọ́n ní. "Látìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó, kò sí nǹkan tí mi ò tọrọ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ bá mi ka lẹ́tà, ẹ bá mi bá dókítà sọ̀rọ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ mi nìkan ni mi ò tọrọ. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni màá jókòó síbẹ̀ títí wàá fi ráyè mú mi jáde, mi ò ṣe. Tí oṣù Kẹsàn-án bá fi parí, tí mi ò lè dá lọ kí n sì dá bọ̀, Berlin ni mò ń lọ."

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni Berlin tí wọ́n wí. Ní àdúgbò Moabit ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá mi du ìyá wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló pè.

"Mummy, ẹ máa bọ̀ jàre. Berlin ni ìlú. Hamburg yẹn, village tí wọ́n gbé ship sí ni. Church ò jìnnà sílé mi rárá, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Kò sí rélùwéè S-Bahn, kò sí wàhálà."

Mo mọ̀ pé màmá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo sì mọ̀ pé n kò lè gbé ilé kan tí kò ní sí wọn níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní tọ́ ọbẹ̀ mi wò kó sọ pé iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Mo fẹ́ ilé náà, mo fẹ́ ìyá mi, n kò sì ṣetán láti fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

A kó lọ nígbà ẹ̀rùn. Ẹ wo àdúgbò! Ojú ẹni ló ṣe ń dàgbà. Ọ̀nà tí mo gbà lánàá, tí mo bá fi máa jí lónìí, wọ́n ti fi irin dí i, wọ́n ti la òmíràn. Inú kọ̀nténà ni oníbúrẹ́dì ti ń tajà. Máàpù inú fóònù mi kò tíì gbọ́ nípa àdúgbò wa, ó gbà pé inú oko ni mò ń sùn. Nítorí pé àlejò ni gbogbo wa, àwọn èèyàn ń kí ara wọn, ohun tí n kò rí rí láti ọdún tí mo ti dé ìlú yìí. "Moin" ni wọ́n ń sọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Màmá mi ní ìkíni tí kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́, ìkíni ọ̀lẹ ni. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tó bá kọjá pé "Moin", tí wọ́n á sì tẹ orí ba díẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo wọ bàtà gíga, mo dúró síhà ìparí pèpéle stéṣọ̀n bí ẹni tó ni rélùwéè. Ó dé, ó dúró sọ́ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún. Kurzzug ni wọ́n ń pè é, rélùwéè tó kúrú tí kì í dé ìparí. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ti wà láàárín tẹ́lẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń sáré nínú bàtà gíga, tí kọfí ń ta sí mi lọ́wọ́. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé lẹ́yìn mi, mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì tán títí a fi kọjá Harburg.

Lẹ́yìn náà ni omi yọ. Odò Elbe pín sí méjì níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn máa ń sọdá rẹ̀ kó tó dé àárín ìlú. Oòrùn àárọ̀ wà lórí omi, ọkọ̀ ojú omi kan ń rọra lọ, kọ̀nténà tò jọ sórí rẹ̀. Nǹkan tí mo ti ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ yìí wá, òun nìyẹn lójú mi kedere. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n kọjá Hammerbrook.

Ó ku ti màmá mi. Mo tẹ̀ lé wọn ní àwọn Sátidé mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi máa ń yára ju etí èèyàn lọ. Mo ń fi nọ́ńbà hàn wọ́n, mo ń fi ọfà hàn wọ́n, mo ń sọ orúkọ stéṣọ̀n, títí wọ́n fi na ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Fún mi ní òfin kan péré."

Mo ní: "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Tí gbogbo èèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ̀. Neugraben ni ìparí ọ̀nà."

Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ rélùwéè S3. Ṣùgbọ́n S5 náà ń gba ojú irin yẹn, kì í sì í parí sí Neugraben. Ó máa ń la oko kọjá lọ sí Stade, ìlú mìíràn pátápátá. N kò tiẹ̀ rántí rẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dá lọ. Ìyá Ìjọ pè mí pé wọ́n ti dé. Nígbà tí ìpàdé parí, Ìyá Ìjọ tún pè: "A ti sìn wọ́n wọ train o. Wọ́n ti ń bọ̀ nílẹ̀ kèfèrí yín." Èmi àti ọmọ mi sáré lọ sí stéṣọ̀n, ayọ̀ ń pa mí bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé ìyàwó.

Rélùwéè dé, wọn ò sí níbẹ̀. Òmíràn dé, wọn ò sí níbẹ̀. Mo pe fóònù wọn, ó wà ní pípa. Wọ́n máa ń pa á tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, wọn kì í sì í rántí tàn án. Nígbà náà ni S5 kan dé, àwọn kan sọ̀, àwọn kan jókòó síbẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú. Bí mo ṣe ń wò ó tó ń lọ, òfin tí mo fún màmá mi wá sí mi lọ́kàn.

Àbúrò mi ló tún yàn láti pè nígbà yẹn. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló ti mọ̀.

"Sister mi, ẹ ti sọ Mummy nù? Ó tán. Mò ń wọ mọ́tò báyìí. Mò ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn."

Mo pariwo mọ́ ọn, mo pa fóònù. Omi ti lé sí mi lójú. Mo ti ń rí yàrá wọn tó ṣófo, mo ti ń rí àga wọn lórí bákónì.

"Mama, guck mal!" Ọmọ mi ní kí n wò, ó ń nàka.

Rélùwéè kan ti wọlé láti ìhà Stade. Màmá mi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, gèlè wọn ti wọ́, àpò wọn sì wú. Wọ́n yíjú padà, wọ́n júwọ́ sí ẹnì kan nínú rélùwéè, wọ́n ní "Moin." Mo sáré dì mọ́ wọn.

"Tú mi sílẹ̀, wàá tẹ ápù mi fọ́," wọ́n ní. Inú wọn ń dùn bí ti ọmọdé. "Mo jókòó bí o ṣe wí. Àwọn kan sọ̀, àwọn kan ò sọ̀, èmi náà ò sọ̀. Ni mo bá ń rí igi ápù, ó lọ salalu. Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ní 'Ṣótádé'. Mo ní háà! Ọmọ Ẹ̀gbá ló ni ìlú yìí! Gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, èmi náà sọ̀."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà mí díẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ilé wa. Mo kí bàbá kan tó gbé àpótí ápù. Ó ń sọ Jámánì, mò ń sọ Yorùbá, ó sì bù fún mi. Mo wá ní, irin tó gbé mi wá náà ni yóò gbé mi padà. Ni mo bá padà wọlé."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ ibi tí ẹ máa sọ̀? Òfin yẹn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́."

"Mo ti da òfin rẹ nù sí Ṣótádé. Obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ló sọ fún mi. Ṣé o kì í gbọ́ ohun tó máa ń sọ tí a bá fẹ́ délé ni? 'N ó gbà bẹ́ẹ̀n.' Bó ṣe sọ ọ́ ni mo dìde."

Orúkọ stéṣọ̀n wa ni, bó ṣe ń dún lẹ́nu òyìnbó: Neugraben. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń wọ rélùwéè yẹn, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn mọ́.

Fóònù mi tún dún. Àbúrò mi ní òun ti wà nínú mọ́tò. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ẹrù ta lo fẹ́ wá kó?" wọ́n ní. "Pa mọ́tò rẹ, jàre. Tó bá jẹ́ pé àárò mi ló ń sọ ẹ́, wọ train títí dé Hauptbahnhof, kí o dúró síbẹ̀. Èmi ni màá wá mú ẹ, kí o má baà sọnù."